Ojú Ni Akọ́ṣẹ́ Fi Ń Mú Alákàn

Èdè méjì tí ìwé ìròyìn wa yìí fi ń sọ̀rọ̀ kò fi ojú kan náà wo alákàn. Bí Faransé bá fẹ́ ṣàpèjúwe ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ inú rẹ̀ ń bu ara wọn jẹ, yóò ní « panier de crabes » ni wọ́n, ìyẹn agbọ̀n tí ó kún fún alákàn. Yorùbá ní tirẹ̀ sọ pé ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ọ̀kan rí ìjà, èkejì rí ìṣọ́ra. Ẹni tí ó bá lọ kọ́ bí a ṣe ń mú alákàn ní èbúté yóò rí i pé òótọ́ ni èdè méjèèjì sọ.

Ọ̀pẹ àti gbágùúdá ni àwa ará Tchaada mọ̀; ọ̀sà kò sí níwájú ilé wa. A ní láti sọ̀kalẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́, níbi tí ọ̀sà ti nà lọ sí Àgbádárìgì àti Èkó ní ìlà-oòrùn, tí ó sì gba ojú omi Totchè wọ adágún Nokoué ní ìwọ̀-oòrùn. Alákàn ibẹ̀ kì í rìn nílẹ̀ nìkan: ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì tí ó kẹ́yìn rí pẹlẹbẹ bí àjẹ̀, òun ni ó sì fi ń lúwẹ̀ẹ́.

Ohun èlò kò pọ̀. Irin roboto kan tí a ta àwọ̀n sí, okùn mẹ́ta tí ó pàdé lókè rẹ̀, àti okùn gígùn kan tí ọwọ́ yóò dì mú. « Balance » ni àwọn elédè Faransé ń pè é, nítorí pé ó jọ àwo òṣùwọ̀n. A óò so orí ẹja mọ́ àárín àwọ̀n náà ṣinṣin, nítorí ìjẹ tí a kò bá so, alákàn yóò gbé e lọ. A óò sọ ọ́ sínú omi títí yóò fi tẹ́ pẹrẹsẹ nísàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, sùúrù ni ó kù. Ọwọ́ akọ́ṣẹ́ kì í fẹ́ dúró, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí alákàn jókòó ti oúnjẹ rẹ̀ ná. Bí a bá máa fà á, kí ìfà àkọ́kọ́ yá, kí etí àwọ̀n lè gbéra yí i ká. Kí a sì máa fà á lọ láìdúró, nítorí bí okùn bá dẹ̀, alákàn yóò wẹ̀ jáde. Orí ọ̀pá kékeré méjì ni ojú rẹ̀ wà: kí òjìji wa má ṣe bọ́ sórí omi.

Ẹ̀yìn ni a ti ń gbé e, ní ìdí ẹsẹ̀ ìwẹ̀ rẹ̀, níbi tí èékánná rẹ̀ kò lè dé. Inú agbọ̀n ni ọ̀rọ̀ Faransé ti ṣẹ: wọn a so mọ́ ara wọn, wọn a sì gé ara wọn lápá. Àpò tí a rẹ sínú omi, tí a tẹ́ lé wọn lórí, a máa mú wọn dákẹ́. Èyí tí ó bá kú kí ó tó dé ìdí ààrò, a kì í sè é, nítorí ẹran rẹ̀ ń bàjẹ́ kíákíá.

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù lọ wà lábẹ́ ikùn. Ẹ yí alákàn náà padà kí ẹ tó jù ú sínú agbọ̀n. Bí ìbòrí abẹ́ ikùn rẹ̀ bá rí tẹ́ẹ́rẹ́, akọ ni. Bí ó bá fẹ̀ tí ó sì rí roboto, abo ni. Bí ẹ bá rí ìdì ẹyin lára abo náà, ẹ dá a padà sínú omi. Rúsúrúsú ni ẹyin náà máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀, a sì máa dúdú bí ọjọ́ pípa rẹ̀ ṣe ń súnmọ́. Omi iyọ̀ ni ọmọ inú wọn nílò, ọ̀nà òkun sì ni ìyá ń wá. Láti ọdún 1885 tí a ti la ẹnu omi ní Kutọnu, omi òkun ń gba ibẹ̀ wọ Nokoué nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí odò Ouémé bá kún, omi tí kò níyọ̀ a tún tì í padà. Ìyá tí a mú sójú ọ̀nà yìí kò ní dé ibi tí ó ń lọ, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ni ó sì gbé dání.

A mọ̀ pé ẹyin yìí dùn lọ́bẹ̀. A sì mọ̀ pé ó ṣòro fún ẹni tí owó ilé-ìwé ọmọ rẹ̀ ń ti inú ọ̀sà jáde láti ju ohun tí ó ti mú nù. Kò tọ́ kí a dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lẹ́bi láti orí àga olùkọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a kàn wá kọ́ ọ, tí oúnjẹ wa wà lóko, kí ni àwáwí wa? Ọwọ́ wa ni ó yẹ kí ìdápadà ti bẹ̀rẹ̀, níṣojú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa.

Nítorí náà, bí a bá padà sí Tchaada pẹ̀lú alákàn mẹ́ta dípò mẹ́fà, tí àwọn ará ilé sì bèèrè ibi tí ìyókù wà, ẹ jẹ́ kí á sọ fún wọn. Ìdáhùn náà gan-an ni ẹ̀kọ́ tí a lọ kọ́ ní èbúté.