Ta Ni Ọmọ Onílẹ̀ Níwájú Ọlọ́run?

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́.

Ní oṣù Kejì ọdún 2021, ìjà bẹ́ sílẹ̀ ní ọjà Ṣáṣá, ní Akínyẹlé wa níbí. Aáwọ̀ èèyàn díẹ̀ di ìjà Yorùbá àti Hausa. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé àti ṣọ́ọ̀bù jóná. Síbẹ̀, àwọn onígbàgbọ́ kan ń wí pé: "Mùsùlùmí ni wọ́n, àjèjì ni wọ́n, kí wọ́n máa lọ sílé wọn." Ṣé ẹ ti gbàgbé pé Mùsùlùmí wà nínú ẹbí tiwa náà?

Ẹ wo Algeria lábẹ́ ìjọba Faransé. Òfin ọdún 1947 dá ìgbìmọ̀ oníjókòó 120 sílẹ̀. Ọgọ́ta jẹ́ ti ẹgbẹ́ olùdìbò tí àwọn òyìnbó tó wá tẹ̀dó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Wọn kò ju bíi mílíọ̀nù kan lọ. Ọgọ́ta yòókù ni ti Mùsùlùmí onílẹ̀, tí wọ́n tó mílíọ̀nù mẹ́jọ. Ogun bẹ̀rẹ̀ ní 1954. Nígbà tí òmìnira dé ní 1962, èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn òyìnbó náà sá lọ. Ohun tí wọn kò fẹ́ pín ni wọ́n pàdánù.

Bíṣọ́ọ̀bù àgbà ìjọ Àgùdà ní Algiers, Léon-Étienne Duval, sọ̀rọ̀ lòdì sí bí wọ́n ṣe ń dá àwọn tí wọ́n mú lóró. Orúkọ Mùsùlùmí, Mohamed, ni àwọn òyìnbó fi ń bú u. Nígbà tí wọ́n sá lọ, òun dúró.

Ẹnìkan lè ní: "Níbẹ̀, àjèjì ló ń ni onílẹ̀ lára, níbí, àwa la nilẹ̀." Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n méjì ni ẹ̀ṣẹ̀ náà, ẹnikẹ́ni tí ì báà dì í mú. Ọmọ Hausa tí wọ́n bí sí Ṣáṣá, tí wọ́n bí bàbá rẹ̀ síbẹ̀, ṣé káńsù yóò fún un ní ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀? Ìwé kan náà ni wọ́n fi ń dí ọmọ Yorùbá lọ́nà ní Kano àti Jos. Ẹ̀ka 42 nínú òfin ọdún 1999 sì lòdì sí ṣíṣe ojúsàájú nítorí ẹ̀yà, ìlú tàbí ẹ̀sìn.

Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ káńsélọ̀ yín pé kí ibi tí a bí èèyàn sí àti ibi tó ń gbé tó fún ìwé náà. Ẹ̀yin alàgbà, ẹ lọ jókòó pẹ̀lú Baálẹ̀ àti Sèríkì kí ìjà mìíràn tó dé. Àdúrà nìkan kò tó. Ẹ ka Léfítíkù 19:33-34, kí ẹ sì ṣe é. Olúwa yóò ràn wá lọ́wọ́.