Ọgbà Ẹ̀yìnkùlé: Ẹ Bo Ilẹ̀, Ẹ Bo Ọwọ́

   Àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù Kọkànlá títí dé oṣù Kẹta, ni ẹ̀fọ́ máa ń wọ́n lọ́jà. Ẹni tí ó bá ní ebè mẹ́ta péré ní ẹ̀yìnkùlé kò ní fi gbogbo owó ọbẹ̀ ra ewé. Ṣùgbọ́n ohun méjì ni ẹ̀ẹ̀rùn ń bá jà nínú ọgbà: ilẹ̀, àti ọwọ́ ẹni tí ń ro ó. Ilẹ̀ a máa là, ọwọ́ a máa sán. Oògùn kan náà ni ó sì wà fún àwọn méjèèjì: ẹ bò wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilẹ̀ ṣáájú. Ẹ tẹ́ koríko gbígbẹ tàbí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ẹ gé wẹ́wẹ́ sórí ebè, kí ó nípọn tó ìka mẹ́ta. Oòrùn kò ní lè tètè fa omi inú ilẹ̀ gbẹ, èpò kò sì ní fi bẹ́ẹ̀ hù. Ẹ má jẹ́ kí ó kan ìdí ẹ̀fọ́, kí ìdí náà má baà rà. Ẹ sì máa ṣí i wò nítorí ikán.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí ẹ bomi rin ọgbà. Bí kò bá ṣeé ṣe, kí ó jẹ́ ìrọ̀lẹ́. Omi ọ̀sán gangan, oòrùn ni ó ń mu ún. Ìdí ni kí ẹ da omi sí, kì í ṣe orí ewé, kí ẹ sì jẹ́ kí ó wọlẹ̀ dáadáa, kí gbòǹgbò lè wá a lọ sísàlẹ̀. Bí omi kànga bá ti ń fà, ẹ má da omi tí ẹ fi ṣan ẹ̀fọ́ tàbí ìrẹsì nù. Ti ọgbà ni.

Ó wá ku ọwọ́. Ọwọ́ tí ń ka owó lọ́jà, ọwọ́ tí ń di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó, òun náà ni ó ń fa tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún tu. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ nítorí ẹ̀gún. Ẹ wọ ti rọ́bà bí ẹ bá ń da ìgbẹ́ adìẹ tàbí oògùn apakòkòrò. Bí wèrèpè bá wà lára ọgbà yín, ẹ gé e kí èso rẹ̀ tó gbẹ, nítorí atẹ́gùn ẹ̀ẹ̀rùn a máa gbé irun rẹ̀ káàkiri. Ẹni tí ó já ata tí ọwọ́ rẹ̀ ń ta á, kí ó kọ́kọ́ fi òróró pa á, kí ó tó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́; omi lásán kì í ṣí oró ata. Ní alẹ́, ẹ fi òrí pa ọwọ́ kí ó má baà sán.

Ẹlòmíràn yóò wí pé, "Ọwọ́ lásán ni bàbá mi fi dáko títí ó fi darúgbó." Òótọ́ ni. Ọwọ́ àgbẹ̀ ti yi, ti tíṣà kò yi. Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí kò mọ ọwọ́ yíyi yàtọ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní tẹ́tánọ́ọ̀sì. Inú ilẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran ni kòkòrò rẹ̀ ń gbé. Ojú ọgbẹ́ ni ó ń gbà wọlé, ìbáà kéré bí ojú abẹ́rẹ́. Á mú kí àgbọ̀n le tí ẹnu kò ní ṣeé là, á mú kí iṣan ara le gbagidi, ó sì ń pa ènìyàn.

Nítorí náà, bí ẹ̀gún tàbí irin bá gún yín nínú ọgbà, ẹ má sọ pé kò tó nǹkan. Ẹ fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹ má fi iyẹ̀pẹ̀, ìgbẹ́ màlúù tàbí ewé gígún dí i. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀. Ẹni tí ó tilẹ̀ ti gbà á pé tẹ́lẹ̀ lè ní láti gba òmíràn bí ó bá ti tó ọdún 5.

Àwọn àgbà ní ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, ni ọwọ́ fi ń mọ́. Ẹ bo ilẹ̀, yóò bọ́ yín. Ẹ bo ọwọ́, yóò bá yín jẹ ẹ́. Ó di ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀.