Ilé Kún, Àmọ́ Ṣé Iná Wà Níbẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tòní kò dùn ún sọ, àwa tá a ń sọ ọ́ ló sì kọ́kọ́ bá wí.

Arábìnrin kan nínú ìjọ wa níbí, ní Ìjẹ̀bú-Imuṣin, ṣàìsàn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Lọ́jọ́ Ìsinmi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn, ilé kún, a jó, a pariwo "Iná! Iná!" Ilé kún débi pé a ò mọ̀ pé kò sí láàárín wa. Aládùúgbò rẹ̀ tó jẹ́ Mùsùlùmí ló gbé e lọ sílé ìwòsàn. Ìgbà tó yá tán ló tó padà wá, kò sì bá wa jà. Èyí ló dùn wá jù.

Ẹ jẹ́ ká rántí ibi tá a ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 1918, àjàkálẹ̀ àrùn influenza tó ń pa èèyàn káàkiri ayé dé Ìjẹ̀bú-Òde, itòsí wa níbí. Àwọn mẹ́ńbà mélòó kan nínú ìjọ Áńgílíkà St. Saviour's bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ gbàdúrà. Kì í ṣe èèyàn ńlá ni wọ́n. J. B. Ṣadare wà níbẹ̀, alágbẹ̀dẹ wúrà ni. Sophia Odùnlámì náà wà níbẹ̀, tíṣà ni, ọmọdébìnrin ni, àrùn yẹn sì ti mú òun fúnra rẹ̀ rí. Wọ́n pe ara wọn ní Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye. Kò sí máìkì, kò sí jẹnẹrétọ̀. Nítorí àwọn aláìsàn ni wọ́n ṣe kúnlẹ̀.

Lọ́dún 1922, ọ̀rọ̀ ìwòsàn nípa àdúrà àti ìrìbọmi ọmọ ọwọ́ mú kí wọ́n kúrò ní St. Saviour's. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló wà nídìí ìsọjí Òkè-Oyè ní Iléṣà lóṣù July 1930, níbi tí Olúwa ti lo Joseph Ayọ̀ Babalọlá, ẹni tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì tẹ́lẹ̀. Látibẹ̀ ni ìjọ CAC ti jáde. Àwa tá à ń pe ara wa ní ọmọ Pẹ́ńtíkọ́sì lónìí, a jẹ nínú ogún yẹn.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Ẹ̀yin ará, ṣé kì í ṣe eérú la fi ń bojú yìí?

Ẹnìkan á ní, "Pásítọ̀, ṣebí ìjọ ń dàgbà?" Ó ń dàgbà lóòótọ́. Ìjọ Éfésù inú Ìfihàn orí kejì náà ń ṣiṣẹ́ kára, wọn ò gba ẹ̀kọ́ èké láyè, síbẹ̀ ìfẹ́ àkọ́kọ́ ti lọ. Ti Laodíkíà burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n rò pé àwọn ti ní gbogbo nǹkan.

Ẹ wo regbéregbé wa. Ojúde Ọba ṣì jìnnà, a ti ń dá owó aṣọ. Ẹni tó bá pẹ́ dé ìpàdé á sanwó ìtanràn, kò ní bínú. A ò sọ pé ó burú o! Àmọ́ tí òjò bá ṣú fẹ́ẹ́rẹ́ lọ́jọ́ Wednesday, ẹ̀kọ́ Bíbélì ti parí nìyẹn.

Nítorí náà, lọ́tẹ̀ yìí, a ò ní pe àlejò oníwàásù, a ò sì ní tẹ pátákó. Láti Tuesday tó ń bọ̀, aago márùn-ún ìdájí, àwa pásítọ̀ àtàwọn alàgbà la máa kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Kò sí máìkì, kò sí ọrẹ. Ẹni tó bá ń bá ẹnikẹ́ni jà, kó lọ parí ẹ̀ kó tó wá. Tá a bá sì dìde lórí eékún, kálukú á lọ kan ilẹ̀kùn ẹnì kan tá ò rí mọ́.

Ta lo ò tíì rí ní ṣọ́ọ̀ṣì láti bí oṣù kan? Má kọ orúkọ ẹ̀ síbí. Pè é lónìí.

Olúwa á tún iná wa dá. Àmín.