Owó Ìfẹ̀yìntì Ò Gbọdọ̀ Dúró sí Lọ́ńdọ̀nù

Ká mú nọ́ọ̀sì méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún 35. Iye kan náà ni ìjọba ń yọ lára owó oṣù wọn fún ètò ìfẹ̀yìntì. Oṣù kẹrin ọdún 2016 ni wọ́n jọ fẹ̀yìn tì, ká sì sọ pé £155.65 lọ́sẹ̀ ni owó ìjọba tó tọ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí tó jẹ́ òyìnbó nínú wọn ta ilé rẹ̀, ó kó lọ sí Torrevieja ní Sípéènì, létí òkun Mẹditaréníà, nítorí oòrùn. Èkejì, ọmọ Màkún ní Ṣàgámù, kó padà sílé. Nígbà tó fi di oṣù kẹrin ọdún 2025, ẹni tó wà ní Torrevieja ti ń gba £230.25. Ẹni tó wà ní Ṣàgámù ò kúrò lórí £155.65. Ohun tó fi dín sí ti ẹnìkejì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó £3,900 lọ́dún.

Àpẹẹrẹ ni àwọn nọ́ọ̀sì méjèèjì, ṣùgbọ́n òfin tó ya wọ́n sọ́tọ̀ kì í ṣe àlá. Ọdọọdún ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń fi kún owó ìfẹ̀yìntì ẹni tó ń gbé nílẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wà ní Sípéènì, àti ẹni tó wà ní orílẹ̀-èdè tó bá a tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ náà. Jàmáíkà wà níbẹ̀; Barbados wà níbẹ̀; Filipínì àti Amẹ́ríkà náà wà níbẹ̀. Nàìjíríà ò sí níbẹ̀. Iye tí àgbàlagbà ń gbà lọ́jọ́ tó kó wálé ni yóò máa gbà títí ọlọ́jọ́ yóò fi dé. Bó bá lọ kí àwọn ọmọ rẹ̀ ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lè gba iye tuntun fún ìwọ̀nba ọjọ́ tó bá lò níbẹ̀. Bó bá ti wọ bàálù padà, ó tún di ti àtijọ́.

Ó lé ní 400,000 ènìyàn tí òfin yìí bá wí káàkiri ayé, Kánádà àti Ọsirélíà ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì wà. Annette Carson, tó ń gbé ní Gúúsù Áfíríkà nígbà náà, gbé ẹjọ́ náà dé ilé ẹjọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ṣùgbọ́n wọ́n dá a lẹ́bi ní 2010. Látìgbà náà ló ti hàn pé ilé ẹjọ́ kọ́ ni yóò yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba sí ìjọba ni.

Àwíjàre ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni pé owó ńlá ni yóò ná wọn. Àwíjàre náà ò fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó. Nọ́ọ̀sì kan náà yìí tún ní owó ìfẹ̀yìntì míràn tó ń ti ọ̀dọ̀ ètò ìlera NHS wá, èyí sì ń lọ sókè lọ́dọọdún bó tilẹ̀ jẹ́ Ṣàgámù ló ń gbé. Bí ọ̀kan bá lè gbéra débí pẹ̀lú àfikún rẹ̀, kí ló dí èkejì lọ́nà? Àgbàlagbà tó bá sì kó wálé ti bọ́ kúrò lọ́rùn ilé ìwòsàn Lọ́ńdọ̀nù. Èrè ni fún wọn.

Àwọn kan nílé yóò sọ pé kí ni onípọ́n-ùn tún ń wá, nígbà tí £155 lọ́sẹ̀ ju owó oṣù ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ lọ. Òótọ́ ni pé pọ́n-ùn wúwo. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ́ngógó ọjà kọjá ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ní 2024, oògùn sì ni àgbà ń rà ju aṣọ lọ. Nígbà tí iléeṣẹ́ oògùn GSK kógbá sílé ní Nàìjíríà ní 2023, àwọn tó ní ikọ́ ẹ̀fée rí i bí oògùn ṣe wọ́n tó. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé kì í ṣe àánú ni wọ́n ń tọrọ. Owó wọn ni, òógùn ojú wọn.

Àwa tí a wà nílé náà ní ẹ̀bi tiwa. Oòrùn nìkan kọ́ ló kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún arúgbó Gẹ̀ẹ́sì lọ sí Sípéènì, torí oòrùn wà ní Ṣàgámù náà. Ìjọba wọn ló ń sanwó ìtọ́jú wọn nílé ìwòsàn ọ̀hún. Agbègbè Rẹ́mọ, níbi tí Ṣàgámù wà, ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ (OOUTH) ní Ṣàgámù láti 1986, ó sì ní ti Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn, ṣùgbọ́n àìsàn òru kan lè gbọ́n àpò ìdílé gbẹ. Ó yẹ kí ètò ìbánigbófò ìlera ìpínlẹ̀ Ògùn ní ọ̀nà kan tí àwọn tó ti òkè òkun dé lè gbà dáwó lọ́dọọdún, kí ọkàn wọn balẹ̀. Bí èyí ò bá sí, ilé tí wọ́n fi gbogbo ọjọ́ ayé kọ́ yóò kàn máa rí wọn lásìkò Kérésìmesì ni.

Ní oṣù kejì ọdún 2024, Nàìjíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ̀wé àjọṣepọ̀ ìṣòwò ní Àbújá. Ibi tí wọ́n bá ti lè jókòó sọ̀rọ̀ ọjà, wọ́n lè jókòó síbẹ̀ sọ̀rọ̀ àwọn arúgbó. Aṣojú Ìkẹ́nnẹ́, Ṣàgámù àti Àríwá Rẹ́mọ nílé aṣòfin ló yẹ kó kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Rẹ́mọ ní Lọ́ńdọ̀nù sì ní ohun ìjà kan lọ́wọ́: ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbẹ̀ lábẹ́ òfin lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò, ìbáà má ní ìwé ìrìnnà Gẹ̀ẹ́sì, torí Nàìjíríà wà nínú Kọ́mọ́ńwẹ́ẹ̀lì. Olóṣèlú tó bá wá tọrọ ìbò ní Peckham, ìbéèrè yìí ni kí wọ́n kọ́kọ́ bi í, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì kó tó kúrò lẹ́nu ọ̀nà.