Ọ̀gá àti Akẹ́kọ̀ọ́ Tí A Kò Dárúkọ

Ẹjọ́ kan tí ó wáyé ní orílẹ̀-èdè Iran, ilẹ̀ tí àwọn baba wa kà nípa rẹ̀ nínú Bíbélì ní orúkọ Páṣíà, ti di àròyé láàrin àwọn tí ń ṣe sinimá káàkiri ayé. Ẹlòmíràn lè wí pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn, àti pé kí ni ó kan olùkọ́ tí ó di ṣọ́ọ̀kì mú níwájú pátákó nínú ọ̀rọ̀ àwọn onísinimá? Àwa kò rò bẹ́ẹ̀. Àárín olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni ẹjọ́ náà ti ṣẹ̀, ohun tí wọ́n sì jà lé lórí kò ṣàjèjì sí wa rárá: ọpẹ́ tí ó tọ́ sí ẹni tí ó ṣiṣẹ́.

Ọ̀gbẹ́ni Asghar Farhadi kì í ṣe ẹni kékeré nínú iṣẹ́ sinimá. Ẹ̀ẹ̀mejì ni fíìmù rẹ̀ ti gba ẹ̀bùn Oscar ti Amẹ́ríkà, ní 2012 àti ní 2017. Ní 2014 ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ yìí ní ìlú Tehran, ó sì ní kí wọ́n lọ wá ìtàn àwọn ènìyàn tí wọ́n rí ohun tí ó sọnù he, tí wọ́n sì dá a padà fún olóhun. Arábìnrin Azadeh Masihzadeh wà lára wọn. Ní ìlú Shiraz ni ó ti rí ẹlẹ́wọ̀n kan tí gbèsè sọ sí àtìmọ́lé, tí ó rí wúrà he, tí ó sì dá a padà. Ó fi ìtàn ọkùnrin náà ṣe fíìmù kan tí a fi hàn ní 2018.

Ní 2021 Ọ̀gbẹ́ni Farhadi gbé fíìmù tirẹ̀, A Hero, lọ sí àjọ̀dún sinimá ní Cannes ní ilẹ̀ Faransé, fíìmù náà sì wà lára àwọn méjì tí ó pín ẹ̀bùn Grand Prix. Nínú rẹ̀, ọkùnrin kan ní Shiraz, tí ó wà lẹ́wọ̀n nítorí gbèsè, gba ààyè ọjọ́ méjì láti jáde. Àpò kan tí owó wúrà wà nínú rẹ̀ sì dé ọwọ́ rẹ̀, ó sì wá olówó kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ náà ké gbàjarè pé iṣẹ́ òun ni ọ̀gá mú, tí kò sì dárúkọ òun. Ọ̀gá dáhùn pé ìtàn ẹlẹ́wọ̀n náà ti wà nínú ìwé ìròyìn kí fíìmù akẹ́kọ̀ọ́ tó jáde, àti pé ohun tí ó wà lójú gbogbo ayé kì í ṣe ti ẹnìkan.

Ọ̀rọ̀ náà kò mọ níbẹ̀. Ní 2019, kí fíìmù ọ̀gá tó jáde, akẹ́kọ̀ọ́ ti fọwọ́ sí ìwé kan níwájú rẹ̀ pé ọ̀gá ni ó ni èrò náà. Ó ní ọlá ọ̀gá ni kò jẹ́ kí òun lè kọ̀. Nígbà tí ó yá, ọ̀gá fi ẹ̀sùn kàn án pé ó ba òun lórúkọ jẹ́, ẹ̀sùn tí ó lè mú ẹ̀wọ̀n àti pàṣán wá ní ilẹ̀ náà. Òun náà sì pe ọ̀gá lẹ́jọ́. Ní 2022 ilé ẹjọ́ dá akẹ́kọ̀ọ́ sílẹ̀. Ní 2024 ilé ẹjọ́ dá ọ̀gá náà sílẹ̀ pé kò jí iṣẹ́ ẹnikẹ́ni.

A kò jókòó gẹ́gẹ́ bí adájọ́, a kò sì ní pe ẹni tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ ní olè. Bẹ́ẹ̀ ni a kò bá òfin jà. Èrò lásán kì í ṣe ohun ìní ẹnikẹ́ni, òfin ilẹ̀ wa tí ń dáàbò bo iṣẹ́ ọpọlọ, ti ọdún 2022, sì sọ bẹ́ẹ̀ gbangba. Bí ènìyàn bá lè fi àgádágodo ti èrò, ta ni yóò tún pa àlọ́ ìjàpá? Ara iṣẹ́ ni òfin ń ṣọ́: ọ̀rọ̀ tí a kọ, àwòrán tí a yà, àti bí a ṣe to ìtàn. Nígbà tí Sergio Leone ará Ítálì ṣe A Fistful of Dollars ní 1964, tí fíìmù náà sì jọ Yojimbo ti Akira Kurosawa ará Japan bí ìbejì, owó ni wọ́n fi parí ìjà náà.

Ṣùgbọ́n òfin nìkan kọ́ ni ọmọlúàbí ń tẹ̀ lé. Òfin a máa sọ ohun tí a kò gbọdọ̀ ṣe. Ìwà a máa sọ ohun tí ó yẹ. Ẹni tí ó rin ìrìn, tí ó jókòó ti ẹlẹ́wọ̀n, tí ó sì gbé ìtàn náà wá síwájú ọ̀gá rẹ̀ ti ṣe iṣẹ́, ìbáà jẹ́ pé gbogbo ìlú ni ó ti gbọ́ ìtàn náà. Ìlà kan ṣoṣo ní ìparí fíìmù ì bá ti tó láti dárúkọ rẹ̀, kò sì ní dín ògo ọ̀gá kù. Àwọn àgbà ti wí pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ní ti ìwé tí a fi síwájú akẹ́kọ̀ọ́ kí ó fọwọ́ sí, gbogbo wa mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tí ń wá ojú rere kò lómìnira bí ọwọ́ ẹni tí a ń wá ojú rere rẹ̀.

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ bí àìdárúkọ ti ń dunni tó. Ní 1924 àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàtẹ ilẹ̀kùn gbígbẹ́ ti ààfin Ògògà Ìkẹ́rẹ́ ní Wembley, ilẹ̀kùn náà sì wà ní British Museum títí di òní. Ọdún púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó mọ̀ pé Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ ni ó gbẹ́ ẹ. Inú bí wa sí èyí, ó sì yẹ kí ó bí wa. Ǹjẹ́ ohun tí a kò fẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó ha yẹ kí a máa ṣe é sí ọmọ wa bí? Olùkọ́ a máa rán àwọn ọmọ kíláàsì lọ gba oríkì, òwe àti àlọ́ lẹ́nu ìyá àgbà. Bí iṣẹ́ náà bá di ìwé, kí olùkọ́ kọ orúkọ àwọn ọmọ náà sí i, àti orúkọ ìyá àgbà tí ó ni ẹnu tí a ti gbọ́ ọ. Olùkọ́ yunifásítì tí ó mú nínú iṣẹ́ àṣekágbá akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, kí ó wí bẹ́ẹ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ náà máa kọ iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ tí ó ṣe é, kí ó má sì fi ìkánjú fọwọ́ sí ìwé.

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn tí ó dá òwe yìí kò gbàgbé ọmọdé nínú ìtàn náà. Òun gan-an ni wọ́n kọ́kọ́ dárúkọ.