Kí a tó gbé wọn lọ sí Hague

Ẹ wo orí X tàbí Facebook nígbàkúùgbà tí agbófinró bá yìnbọn pa èèyàn ní Nàìjíríà. Kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ó di Hague!" Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ Lekki ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún 2020, èmi náà tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sórí fóònù mi. Mo sì kàwé gboyè nínú ìmọ̀ òfin o! Ó yẹ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ agbẹjọ́rò kan ṣàlàyé ohun tí mò ń sọ. Fatou Bensouda ni orúkọ rẹ̀. Ìlú Banjul ní Gambia ni wọ́n bí i sí ní 1961, ṣùgbọ́n Ilé-Ifẹ̀ ló ti kọ́ ìmọ̀ òfin. Ó gboyè jáde ní fásitì Ifẹ̀ ní 1986, kó tó di pé wọ́n sọ ibẹ̀ di OAU. Nígbà tó padà sílé, ó ṣe agbẹjọ́rò fún ìjọba, ó sì di mínísítà ètò ìdájọ́ ní 1998 lábẹ́ Yahya Jammeh. Àwọn ọmọ Gambia kan ṣì ń bèèrè ohun tó ṣe lásìkò ìjọba yẹn, ẹ̀tọ́ wọn sì ni láti bèèrè. Lẹ́yìn náà ló lọ sí Arusha ní Tanzania, níbi tí ilé ẹjọ́ àjọ UN ti ń gbọ́ ẹjọ́ ìpakúpa Rwanda. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí ilé ẹjọ́ àgbáyé ICC ní Hague, ó sì di olùpẹjọ́ àgbà níbẹ̀ ní 2012. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ àti ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Ọdún mẹ́sàn-án ló lò níbẹ̀.

Kí ló wá ṣe? Ó pe ẹjọ́ Al Mahdi tó kópa nínú bí wọ́n ṣe wó ibojì àwọn ẹni mímọ́ ní Timbuktu. Wọ́n rán an ní ẹ̀wọ̀n ọdún 9 ní 2016. Bosco Ntaganda, ọ̀gágun ọlọ̀tẹ̀ ní Congo, gba ẹ̀wọ̀n ọdún 30 ní 2019. Ṣùgbọ́n ó pàdánù ẹjọ́ ńlá ńlá pẹ̀lú. Ó ní láti fa ẹ̀sùn tó fi kan Uhuru Kenyatta ti Kenya sẹ́yìn ní 2014, nítorí pé ẹ̀rí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó. Ní 2019, àwọn adájọ́ dá Laurent Gbagbo ti Ivory Coast sílẹ̀ pé kò jẹ̀bi.

Ọ̀pọ̀ bú u nígbà yẹn. Èmi ò bú u. Àwọn baba wa ló sọ pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Ilé ẹjọ́ tí kò lè dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀ kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ohun tí àwọn ẹjọ́ yẹn kọ́ mi ni pé ICC kò ní ọlọ́pàá tirẹ̀. Bí ìjọba ilé ò bá fún un ní ìwé, tí ẹ̀rù sì ń ba ẹlẹ́rìí, ọwọ́ òfo ni olùpẹjọ́ máa bá dé iwájú adájọ́. Àwọn alágbára náà kì í sì í sùn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, Amẹ́ríkà gbé ìjìyà ka Bensouda fúnra rẹ̀ lórí ìwádìí ogun Afghanistan. Ọdún tó tẹ̀lé e ni wọ́n tó mú un kúrò.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Bensouda kéde pé òun ti parí àyẹ̀wò àkọ́kọ́ lórí Nàìjíríà, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá. Ó ní ìdí tó mọ́gbọ́n dání wà láti gbà pé Boko Haram hùwà ọ̀daràn ogun àti ìwà ọ̀daràn sí ọmọnìyàn, àti pé àwọn ọmọ ogun wa náà hù ú. Ó ní ó yẹ kí ìwádìí gidi bẹ̀rẹ̀. Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà, sáà rẹ̀ parí, kò sì tíì béèrè àṣẹ lọ́wọ́ àwọn adájọ́ láti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí náà.

Ṣé Hague ló yẹ ká dá lẹ́bi? Rárá, kì í ṣe òun nìkan. Òfin ICC fúnra rẹ̀ sọ pé bí ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè kan bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tọkàntọkàn, òun ò ní dá sí i. Àwa la kọ́kọ́ ni ẹjọ́ yìí. Nàìjíríà fọwọ́ sí àdéhùn ICC pátápátá ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2001. Ṣùgbọ́n abala 12 nínú ìwé òfin ọdún 1999 sọ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò lágbára nílé ẹjọ́ wa àfi tí ilé aṣòfin àpapọ̀ bá sọ ọ́ dòfin. Àbá òfin rẹ̀ ti dé iwájú wọn ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kò tíì di òfin.

Ẹ lè ní, ṣebí a ní òfin tó de ìpànìyàn? Bẹ́ẹ̀ ni, a ní in. A lè fi mú ẹni tó yìnbọn. Ọ̀gá rẹ̀ tó mọ̀, tó ní agbára láti dá a dúró, àmọ́ tó dákẹ́ ńkọ́? Lábẹ́ òfin ICC, ọ̀gá yẹn ní ẹjọ́ í jẹ́. Ibi tí òfin tiwa ti ṣe aláìtó nìyẹn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọ̀gá máa ń gbà sá lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kọ́ òfin báyìí ní Ifẹ̀, Ìbàdàn àti Èkó, iṣẹ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kò dìgbà tẹ́ ẹ bá dé òkè òkun. Ẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá tó wà ládùúgbò yín. Ẹ lọ bá ẹni tí wọ́n tì mọ́lé láìgbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹ kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sílẹ̀. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló ń di ẹ̀rí lọ́jọ́ iwájú.

Ẹ̀yin yòókù, ìbò 2027 ń bọ̀. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ lọ sí ilé aṣòfin l'Ábùjá bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ bi í ní ìbéèrè kan ṣoṣo: ṣé wàá dìbò kí àdéhùn ICC di òfin níbí, bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Ẹ ká ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ gbé ìyẹn sórí X.