Ẹ Ka Ìṣirò Owó Ìlú Sí Wa Létí

Ìyá mi kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n kò sí akọ̀wé ẹgbẹ́ tó lè rẹ́ ẹ jẹ. Lọ́jọ́ tó bá dá àjọ, á ju èkùrọ́ kan sínú agolo mílíìkì tó wà lábẹ́ ibùsùn rẹ̀. Bí ọdún bá parí, ẹgbẹ́ á jókòó lábẹ́ igi ọ̀dán, akọ̀wé á ṣí ìwé, á máa pe orúkọ àti iye tí kálukú dá. Ìyá mi á da èkùrọ́ sórí aṣọ, á máa kà á. Mo wà níbẹ̀ lọ́dún tí ìwé sọ pé ogójì, tí èkùrọ́ sọ pé méjìlélógójì. Wọ́n padà ka ìwé láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n rí i pé akọ̀wé ti fo ojú ewé kan. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì bu oúnjẹ wọn jẹ.

Àwọn obìnrin yìí kan náà ló ń san owó ọjà fún kọ́múùnù, èyí tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní ìjọba ìbílẹ̀. Gbogbo ọjọ́ ọjà ni agbowó ń yọ sí wọn, á já tíkẹ́ẹ̀tì pélébé lé wọn lọ́wọ́, á gba owó, á kọjá sí ìsọ̀ kejì. Ìyá mi kì í sọ tíkẹ́ẹ̀tì nù. Ó fi okùn dì wọ́n sínú àpótí aṣọ, ìdì náà ti ga ju bíríkì lọ. Láti ọjọ́ tó ti ń san owó náà, kò sẹ́ni tó pe òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jọ rí, kó ní: iye tí ẹ san lọ́dún yìí rèé, ohun tí a fi ṣe rèé.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún nínú ìwé pẹlẹbẹ yìí kò ju ìyẹn lọ. Kí kọ́múùnù 77 tó wà nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ máa ka ìṣirò owó wọn sí aráàlú létí, ní èdè tí aráàlú ń sọ, ní ibi tí wọ́n ti ń pàdé.

Kì í ṣe pé ìjọba Kútọnu fi ìwé pamọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òtítọ́. Ètò ìṣúná ọdún 2025 jẹ́ nǹkan bíi 3,551 bílíọ̀nù owó sẹ́fà, ìjọba tẹ̀ ẹ́ jáde, wọ́n sì máa ń ṣe ẹ̀dà kékeré tí wọ́n ní ó wà fún mẹ̀kúnnù. Ó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó ní fóònù, tó ní dátà, tó sì gbọ́ Faransé dáadáa. Orílẹ̀-èdè púpọ̀ tó lówó jù wá lọ kì í ṣe tó bẹ́ẹ̀, mo sì yin ìjọba wa fún un. Ṣùgbọ́n bílíọ̀nù kì í gbẹ́ kànga. Ìwé tó bá sọ iye tí gbogbo orílẹ̀-èdè fẹ́ ná lórí omi kò tíì sọ fún ará Kétu tàbí ará Ṣábẹ èwo nínú kànga abúlé wọn ni wọn óò tún ṣe, ta ni agbaṣẹ́ṣe, àti oṣù wo ló yẹ kó parí.

Àwa tí a ti dàgbà mọ ohun tí ìṣirò inú òkùnkùn ń dá sílẹ̀. Nígbà tí ọdún 1989 ń parí lọ, ilé ìfowópamọ́ mẹ́ta tó jẹ́ ti ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀. Àwọn olùkọ́ lo ọ̀pọ̀ oṣù láìgba owó, ọmọ ilé-ìwé jókòó sílé, àwọn oníṣòwò tó fi owó sí báǹkì dé ẹnu ọ̀nà wọ́n bá a ní títì. Owó náà ti ń lọ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ tó mọ̀ kò sọ, àwọn tó kù kò sì lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ìyẹn wà lára ohun tó gbé wa dé àpérò ńlá ti oṣù kejì ọdún 1990 ní Kútọnu, níbi tí Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ti jẹ́ alága, tí òfin orílẹ̀-èdè tuntun sì tẹ̀lé e ní ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún kan náà. Ẹ̀tọ́ láti béèrè wà lára ohun tí a torí rẹ̀ jìyà.

Ọdún 2015 tún fi hàn wá pé iṣẹ́ kò tíì parí. Ìjọba Họ́láńdì dá owó ìrànlọ́wọ́ dúró nítorí owó omi mímu tí wọn kò rí ìdí rẹ̀, nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 yúrò. Ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yẹn ni pé ará òkèèrè tó fúnni lówó ló pariwo. Àwọn abúlé tó yẹ kí wọ́n gbẹ́ kànga fún kò lè pariwo, torí kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé kànga kan ń bọ̀. Báwo lèèyàn ṣe máa wá ohun tí kò mọ̀ pé ó sọnù?

Ẹ wo Ùgáńdà. Àwọn olùwádìí méjì, Ritva Reinikka àti Jakob Svensson, tọ owó tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún ohun èlò ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1991 sí 1995. Wọ́n dé ilé-ẹ̀kọ́ 250. Nínú 100 sílè tó kúrò lọ́dọ̀ ìjọba àpapọ̀, 13 péré ló ń dé ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ni kò rí kọ́bọ̀. Ọ̀nà ni ìyókù ń há sí, lọ́wọ́ àwọn aláṣẹ agbègbè. Ìjọba wá bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ iye owó tó lọ sí agbègbè kọ̀ọ̀kan sínú ìwé ìròyìn, wọ́n sì pàṣẹ pé kí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ lẹ iye tó dé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ògiri níbi tí òbí yóò ti rí i. Nígbà tó fi di ọdún 2001, ohun tó ń dé ilé-ẹ̀kọ́ ti ju 80 lọ nínú 100. Kì í ṣe ìwé ìròyìn nìkan ló ṣe é, ìjọba náà mú àbójútó le sí i. Síbẹ̀, àwọn olùwádìí rí i pé ilé-ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìròyìn rí owó gbà ju àwọn tó jìnnà lọ. Olùkọ́ tó mọ iye tó tọ́ sí i ló lè lọ kan ilẹ̀kùn. Àwọn aládùúgbò wa ní Nàìjíríà náà bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ owó tó ń lọ sí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jáde nígbà tí Ngozi Okonjo-Iweala jẹ́ mínísítà ètò ìṣúná lákọ̀ọ́kọ́.

Níbí, òfin wà lẹ́yìn wa. Láti ọdún 1999 ni òfin kọ́múùnù ti sọ pé ìjókòó ìgbìmọ̀ wà ní gbangba, àti pé ará ìlú lè béèrè ìṣirò kó wò ó. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ilé-iṣẹ́ kọ́múùnù kan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí tábìlì bi mí pé, “Bàbá, ta ló rán yín wá?” Mo ní kò sẹ́ni tó rán mi, ará ìlú ni mí. Ó ní kí n lọ kọ lẹ́tà. Mo kọ ọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo padà lọ kí wọ́n tó gbé ìwé náà síwájú mi. Mo rí ìlà kan níbẹ̀: “àtúnṣe kànga ẹ̀rọ”, pẹ̀lú iye owó. Kò dárúkọ abúlé. Kànga ẹ̀rọ mẹ́ta ni mo mọ̀ lágbègbè yẹn tí kò fa omi, ìwé náà kò sì lè sọ fún mi èwo nínú wọn ni.

Òfin ọdún 2021 tún yí nǹkan padà. Ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé owó ní kọ́múùnù kì í ṣe mẹ́rì tó jẹ́ olórí rẹ̀ mọ́, akọ̀wé àgbà ni, a kò sì dìbò yàn án. Ọ̀pọ̀ ará ìlú ṣì ń bínú sí mẹ́rì lórí owó tí kò sí lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀. A lè fi ìbò yọ ẹni tí a fi ìbò yàn. Ẹni tí a kò yàn, ìwé ara ògiri nìkan ló kù tí a lè fi bá a sọ̀rọ̀.

Nítorí náà, kí kọ́múùnù kọ̀ọ̀kan kun pátákó dúdú sí ara ògiri ọjà àti ti ilé-ẹ̀kọ́. Ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí wọ́n kọ owó tó wọlé sí i, àti owó ọjà àti èyí tó wá láti Kútọnu. Owó tó jáde. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé síta, orúkọ abúlé, orúkọ agbaṣẹ́ṣe, iye rẹ̀, ọjọ́ tó yẹ kó parí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kà á lórí rédíò àdúgbò ní Yorùbá níhìn-ín, ní Fọn, ní Bàrùbá, ní Dẹ́ńdì níbi tí wọ́n ti ń sọ wọ́n, kí akígbe sì kéde ọjọ́ tí ìpàdé ìbéèrè yóò wáyé. Ṣọ́ọ̀kì kò wọ́n.

Wọ́n ti sọ fún mi pé kò ní yé àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹ bi ìyá mi léèrè nípa agolo rẹ̀. Wọ́n tún ní yóò dá ìjà sílẹ̀. Ìjà wà nílẹ̀ báyìí, àhesọ ló ń bọ́ ọ: gbogbo ẹni tó bá kọ́ ilé la ń fura sí, olè àti olóòótọ́ inú wọn ń jìyà ìfura kan náà. Òṣìṣẹ́ kọ́múùnù tó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ tinútinú ni pátákó yẹn máa gbà sílẹ̀ jù.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ bá tún jókòó, èmi àti ìyá mi máa wà níbẹ̀. Ó ti ní òun máa gbé ìdì tíkẹ́ẹ̀tì òun dání.